Yíyọ́ Ẹkùn Nínú Ayé Gbalasa

Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè Afghanistan. Ọdún 1984 ni, àwọn ọmọ ogun Soviet sì ti pàgọ́ sí abúlé kan tí ilé amọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ọkùnrin olójú kan dojú bolẹ̀ lórí àpáta tó kọjú sí abúlé náà, ó gbé awò ìwòkèèrè sójú, ó ń ka ṣọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹyọ kan lórí òrùlé, méjì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nídìí ẹ̀rọ rédíò. Kò sẹ́ni tó ń lé e. Aago kankan kò ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lórí. Bó bá wù ú, kó sùn síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bó bá wù ú, kó gba ẹ̀yìn abúlé wọlé, kó dúró de ìjì eruku, tàbí kó yí orí ẹṣin rẹ̀ padà kó gba ibòmíràn lọ.

Inú géèmù Metal Gear Solid V: The Phantom Pain la wà yìí, èyí tí Hideo Kojima ṣe olùdarí rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japan sì gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Ó wà lára àwọn géèmù tí mo ń pè ní ti ayé gbalasa: ilẹ̀ tẹ́ lọ súà, ẹni tó mú pádì lọ́wọ́ ló ń yan ọ̀nà tí yóò tọ̀, iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ ṣe àti ìgbà tí yóò ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa fi bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó wọn òmìnira inú irú géèmù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tà á pàápàá, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ polówó nìyẹn. Èmi kì í wo ibẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ kan bá tajú kán rí ọ àti ìgbà tí ọ̀ràn bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Géèmù tó bá fi àyè sí àlàfo yẹn ti fún ọ ní òmìnira, bí ilẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ ju àdúgbò kan lọ. Èyí tí kò bá fi àyè kankan síbẹ̀, ì báà fẹ̀ tó aṣálẹ̀ Sàhárà, okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ.

Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn kì í ṣe tojo, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Ẹni tí kò bá gbá irú géèmù yìí rí lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń fàyà wọ́ nínú koríko. Fífàyà wọ́ yẹn ló ń mú kí eré náà ní ìgbà ìdẹ̀rọ̀ àti ìgbà ìsáré. Ó ń mú èèyàn dúró, kó wò, kó pinnu, kó tó gbéra. Géèmù tó bá jẹ́ ìbọn ṣáá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kì í pẹ́ sú mi, torí ọkàn tí kò balẹ̀ rí, kò sí bó ṣe máa já.

Ẹ̀ṣọ́ inú géèmù kò lójú, kò létí. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò fún un. Wọ́n máa ń ya agbègbè kan sọ́tọ̀ níwájú orí rẹ̀ tí a ń pè ní ibi tí ojú rẹ̀ dé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń jìnnà, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lóru. Bí ara rẹ bá bọ́ sínú agbègbè yìí, kọ̀ǹpútà yóò fa ìlà tí a kò lè rí láti orí ẹ̀ṣọ́ náà dé ara rẹ, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ògiri tàbí àpáta dí i. Bí ohunkóhun kò bá dí i, ó ku ìbéèrè mìíràn. Báwo lo ṣe jìnnà tó? Ṣé o dúró ni, àbí o wólẹ̀? Inú òkùnkùn lo wà ni, àbí abẹ́ iná? Ìdáhùn wọ̀nyí ló ń pinnu bí òṣùwọ̀n ìfura rẹ̀ yóò ṣe yára kún tó. Ti etí náà ń lọ bákan náà: gìrìgìrì ẹsẹ̀ tó ń sáré máa ń dé etí ẹni tó jìnnà, ẹni tó bá ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lè dé ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ kó fọwọ́ kàn án léjìká.

Bí òṣùwọ̀n yẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún, ẹ̀ṣọ́ yóò kàn yíjú, yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí nìyẹn, yóò sì rìn wá wò. Bó bá kún tán, ó pariwo nìyẹn, gbogbo àgọ́ ta gìrì. Àmọ́ àánú wà nínú ìṣirò náà. Ibi tí wọ́n ti rí ọ kẹ́yìn ni wọ́n máa ń ya lọ, wọn kì í lọ síbi tí o wà gan-an. Bí wọ́n bá wá ibẹ̀ tí wọn kò rí ọ, ìbẹ̀rù wọn yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tòótọ́ tó rí òkú ẹnìkejì rẹ̀ kò ní padà sídìí sìgá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ti inú géèmù gbọ́dọ̀ gbàgbé, torí bí kò bá gbàgbé, àṣìṣe kan ṣoṣo ti pa eré náà.

Inú ilé tó há ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1987 tí Kojima ṣe Metal Gear àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà MSX2, ẹ̀rọ náà kò lágbára láti gbé ọ̀pọ̀ ọ̀tá àti ọ̀pọ̀ ọta ìbọn sójú gíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kojima kò jà mọ́ ọn lọ́wọ́; ó fi eré ogun sílẹ̀, ó ṣe eré ìsápamọ́. Iwájú gan-an nìkan ni ẹ̀ṣọ́ ìgbà yẹn ń wò. Bó o bá yẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ti bọ́. Nígbà tó fi di 1998, ẹ̀ṣọ́ Metal Gear Solid orí PlayStation ti lè tọ ipa ẹsẹ̀ lórí yìnyín. Ọdún yẹn náà ni Looking Glass Studios ní Amẹ́ríkà gbé Thief: The Dark Project jáde, níbi tí olè kan tó ń jẹ́ Garrett ti ń fi ọfà olómi pa iná ògùṣọ̀, tó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í dún lórí kápẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń dún lórí irin àti òkúta.

Nínú irú ilé wọ̀nyẹn, ẹni tó ṣe géèmù ló ni àkókò. Ó mọ ilẹ̀kùn tí o máa gbà wọlé. Ó mọ ìṣísẹ̀ mélòó ni ẹ̀ṣọ́ máa gbé kó tó yípo, ó sì ti gbé àpótí kan síbi tí yóò ti di dandan kó o lúgọ. Bó ṣe fẹ́ kí ọkàn rẹ já, bẹ́ẹ̀ ló máa já.

Nígbà tí wọ́n wá wó ògiri, agbára yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O lè wá láti àríwá tàbí gúúsù, ní ọ̀sán gangan tàbí lóru ọ̀gànjọ́, lórí ẹṣin tàbí nínú ọkọ̀ ogun. Àwọn kan sá fún ìdààmú yìí, wọ́n kàn da ọ̀tá kún ojú ọ̀nà. Far Cry 2 tí Ubisoft gbé jáde ní 2008 ni àpẹẹrẹ tó ń dùn mí jù, torí géèmù náà gbóyà lọ́nà púpọ̀. Orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tí wọn kò dárúkọ ni wọ́n gbé e kà, ibà sì ń ṣe ẹni tí o jẹ́, tó fi jẹ́ pé o ní láti máa wá oògùn kiri. Ìbọn a máa há nígbà tó o fẹ́ lò ó jù. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n oríta kan kì í lọ kí ṣọ́jà má wà níbẹ̀. O fara balẹ̀, o yọ́ wọ inú wọn, o kó wọn tán. O wa ọkọ̀ rẹ lọ díẹ̀, o ṣẹ́rí padà, wọ́n ti tún kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ta ló máa tún yọ́ lẹ́ẹ̀kejì? Èèyàn yóò kàn tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni, yóò máa fi ìbọn la ọ̀nà. Géèmù náà kò sọ pé kó o má yọ́ rìn, ó kàn fi hàn ọ́ pé èrè kankan kò sí níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n tún un ṣe nínú Far Cry 3. Àgọ́ tí o bá gbà níbẹ̀ ti di tìrẹ, àwọn èèyàn rẹ yóò kó wọlé síbẹ̀, ojú ọ̀nà agbègbè náà yóò sì dẹ̀. Àpótí agogo ìdágìrì wà nínú àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí ọ, ẹnìkan yóò sáré lọ tẹ̀ ẹ́, ìrànlọ́wọ́ yóò sì dé. O lè kọ́kọ́ lọ ba agogo náà jẹ́. O lè yìnbọn fọ́ ilẹ̀kùn àgò tí wọ́n há ẹranko búburú mọ́, kó o jókòó sórí òkè kó o máa wò bí wọ́n ṣe ń sá kiri. Ẹni tó bá ṣe é láìjẹ́ kí wọ́n rí i rárá, géèmù náà san án lẹ́san jù. Ọ̀pọ̀ géèmù ayé gbalasa tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ló jí ọgbọ́n àgọ́ yìí lò, àwọn míì sì lò ó títí ó fi ṣá.

Ìdí tí mo fi gbé Phantom Pain ga ju àwọn yòókù lọ ni ohun tó ṣe sí àlàfo tí mo sọ lókè. Bí ẹ̀ṣọ́ bá rí ọ níbẹ̀, ayé yóò rọra falẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Wọ́n ń pè é ní Reflex Mode. Bó o bá tètè ta á lọ́fà oorun kó tó lanu, kò sẹ́ni tó gbọ́. Bó o bá tàsé, yóò pariwo, síbẹ̀ ariwo rẹ̀ kò kọjá àgọ́ tó wà. Ó ní láti fi rédíò pe àwọn tó wà ní àgọ́ kejì. Ṣé o ti fọ́ ẹ̀rọ rédíò náà kó o tó wọlé? Bó o bá ti fọ́ ọ, àgọ́ kejì ń sùn, kò mọ ohun tó ń lọ. Bí o kò bá fọ́ ọ, o ṣì lè sá gba inú àfonífojì, kó o fọnfèrè pe ẹṣin rẹ, kó o padà wá lọ́la. Ìjì eruku lè ṣàdédé jà nínú aṣálẹ̀ náà kó bo gbogbo wọn lójú, kó o rìn láàárín wọn bíi pé o jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìpele mẹ́rin, márùn-ún ló wà láàárín kí wọ́n rí ọ àti kí wọ́n pa ọ́, orí ìpele kọ̀ọ̀kan sì ni o ti lè ṣe ìpinnu tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n ya ẹsẹ̀ díẹ̀. O lè sá wọ ilé ìyàgbẹ́ nínú géèmù yìí, kó o ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀ṣọ́ tó bá ń wá ọ kiri lè wá ṣí i. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n gba ohùn ẹni tí inú ń run sí. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ náà ṣe ń bọ̀, yóò gbọ́, yóò sì fi ọ́ sílẹ̀ kó o gbọnsẹ̀ rẹ tán. Àwọn tó fi ọdún gbọọrọ ṣe géèmù ogun ló ráyè ro èyí. Apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n, ṣùgbọ́n àlàfo náà ni wọ́n tún ń fẹ̀.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Assassin's Creed. Èyí àkọ́kọ́, tó jáde ní 2007, gbé wa lọ sí Jerúsálẹ́mù, Damásíkù àti Acre ti ọdún 1191, ó sì mú ohun tuntun wá: àárín èrò ọjà ni èèyàn ti ń sá pamọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn àpótí. Ìlú náà ṣí sílẹ̀, èèyàn lè gun ògiri èyí tó bá wù ú. Àmọ́ nígbà tó fi máa di Black Flag ní 2013, àwọn iṣẹ́ kan ti di àrùn nínú ọ̀wọ́ géèmù yìí: wọn yóò ní kó o tẹ̀lé ọkùnrin kan lẹ́yìn kó o lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Bó o bá sún mọ́ ọn jù, ó parí. Bó o bá jìnnà jù, ó parí. Bó bá bojú wẹ̀yìn tó rí ọ, ó parí, wọn yóò dá ọ padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òkun Caribbean wà níwájú rẹ, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ ọkùnrin kan tó ń rìn jẹ́jẹ́ lo sì ń bá rìn. Red Dead Redemption 2 ti Rockstar, 2018, ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti 1899 tí wọ́n yà síbẹ̀ rẹwà kọjá sísọ, èèyàn lè fi odindi ọjọ́ pẹja. Tí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, bó o bá gba ẹ̀yìn ilé dípò iwájú tí wọ́n ní kó o gbà, wọ́n lè sọ fún ọ pé o ti kùnà.

Ibi kan wà tí mo ti gba irú ìdájọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ láìbínú, inú The Legend of Zelda: Breath of the Wild ti Nintendo, 2017. Ìsádi àwọn ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní Yiga ni. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ tó bá rí ọ, ó lè fi idà ńlá rẹ̀ pa ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìjẹkújẹ wọn: o ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ mú un tayọ̀tayọ̀. Irú ibẹ̀ kò pọ̀ nínú ayé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ ibi tí èèyàn ti mọ̀ kó tó wọ̀ ọ́ pé kì í ṣe ibi eré. Òkùnkùn ibẹ̀ mú kí ìta dùn nígbà tí o bá jáde.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ kí Yorùbá mọ̀ jù nínú gbogbo wọn kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Nínú Black Flag, igbá kejì ọ̀gá ọkọ̀ Jackdaw ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéwalé. Ìtàn géèmù náà sọ pé inú oko ẹrú ní Trinidad ni wọ́n bí i sí, ó bọ́, ó di ajagun ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Edward Kenway, ẹni tí o jẹ́ nínú géèmù náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Ubisoft gbé àfikún kan jáde tí wọ́n pè ní Freedom Cry, Adéwalé gan-an ni olórí rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ rì, omi gbé e gúnlẹ̀ sí Saint-Domingue, ìlú Port-au-Prince, ní nǹkan bí ọdún 1735. Ilẹ̀ tó ń jẹ́ Haiti lónìí nìyẹn, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Vodou ti ní ẹ̀yà ìjọsìn kan tí wọ́n ń pè ní Nago, tí wọ́n sì ń pe Ògún ní Ogou. Kì í ṣe àjèjì la ń wí.

Àdá wà lọ́wọ́ Adéwalé. Oko ìrèké pọ̀ káàkiri, akóniṣiṣẹ́ sì dúró lórí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so yíyọ́ rìn mọ́ ìtàn níbẹ̀ ló jọ mí lójú. Nínú géèmù mìíràn, bí wọ́n bá rí ọ, ìwọ ni wọ́n máa yìnbọn sí. Nínú oko ìrèké wọ̀nyí, bí agogo bá dún, àwọn ẹrú ni àwọn akóniṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Agbára rẹ lè tó láti bá gbogbo wọn jà kó o borí. Ẹ̀mí tó máa lọ kí ìjà tó parí, kì í ṣe tìrẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni lójú omi: o kò lè fi àgbá fọ́ ọkọ̀ tó kó ẹrú, torí àwọn tó o fẹ́ gbà ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ọ lo máa kọ́kọ́ bá jà.

Ohun tí mo rí kọ́ nípa ìṣètò géèmù níbẹ̀ ni pé àlàfo náà ṣì wà, ó sì fẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ pé o ti kùnà. O lè máa bá iṣẹ́ lọ. Àmọ́ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nínú àlàfo yẹn ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn ló sì ń mú ọwọ́ èèyàn gbọ̀n lórí pádì. Ìgbà tí mo gbá a, n kò sáré rárá nínú oko. Inú ìrèké ni mo máa ń jókòó sí títí akóniṣiṣẹ́ yóò fi dá wà. Géèmù náà ní àbùkù tirẹ̀. Iye ẹrú tó o bá tú sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí ohun ìjà tuntun fún ọ, tó fi wá jọ pé wọ́n ti sọ èèyàn di owó ẹyọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ aṣelámèyítọ́ ló bínú sí èyí, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Síbẹ̀, n kò tíì rí géèmù mìíràn tó jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wúwo tó báyìí.

Ìṣòro kan wà tó ń bá òmìnira rìn: bí o bá rí ọ̀nà kan tó dára, o kò ní gba òmíràn mọ́. Ìbọn oorun ni ti Phantom Pain. O ta ẹ̀ṣọ́ lórí, ó sùn, o so bàlúùnù Fulton mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fò lọ sókè tòun ti igbe, ó di ọmọ ogun rẹ ní ibùdó rẹ, Mother Base. Ta ló máa fẹ́ ṣe ohun mìíràn? Àwọn tó ṣe géèmù náà mọ̀, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Bó o bá ń ta wọ́n lórí lemọ́lemọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé àṣíborí irin. Bó bá jẹ́ òru lo máa ń wá, wọn yóò wọ awò tí ń ríran nínú òkùnkùn. Bó bá jẹ́ èéfín lò ń lò, wọn yóò bo imú. Bẹ́ẹ̀ ni ogun náà ń kọ́ ìwà rẹ, tó sì ń tì ọ́ kúrò lójú ọ̀nà tó ti mọ́ ọ lára. Tó bá wá sú ọ, o lè rán àwọn ọmọ ogun rẹ lọ dáná sun ilé ìkẹ́rùsí tí àṣíborí wọn ti ń wá. Kò sí òfin tó ní kó o má ta wọ́n lórí. Ó kàn ń náni díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ìrìn kì í ṣe ti inú àgọ́ nìkan. Láàárín àgọ́ kan sí èkejì ńkọ́? Àwọn Nintendo ṣàlàyé níbi àpérò CEDEC ní Japan ní 2017 pé wọ́n fi ìrísí onígun mẹ́ta, ńlá àti kékeré, ṣètò ilẹ̀ Breath of the Wild. Òkè onígun mẹ́ta máa ń bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bi ọ́ bóyá wàá gùn ún tàbí wàá yí i po. Bó o bá dé orí rẹ̀, nǹkan mìíràn yọjú lókèèrè. Kò sẹ́ni tó tọ́ka ọ̀nà fún ọ, síbẹ̀ o kò dúró lásán. Nínú géèmù yìí kan náà, gbàrà tí o bá kúrò lórí òkè pẹrẹsẹ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, o lè lọ bá olórí ọ̀tá, Ganon, jà tààrà. Ẹni tó bá lọ, ó kan ìyà. Àmọ́ wọ́n gbà kó lọ.

Phantom Pain kò dára tó bẹ́ẹ̀ ní ìhín. Ọ̀nà tóóró ló so àwọn àgọ́ Afghanistan rẹ̀ pọ̀, òkè gíga-gíga lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ òfìfo sì pọ̀ láàárín. Ó tún burú jù lẹ́yìn iṣẹ́ kọkànlélọ́gbọ̀n tí apá kìíní parí sí. Apá kejì kún fún iṣẹ́ tó o ti ṣe tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn sọ di líle sí i. Lára wọn ni àwọn tí wọ́n pè ní Total Stealth: bí wọ́n bá rí ọ, ó parí. Ẹ ò rí i pé géèmù tó fẹ àlàfo náà ju gbogbo àwọn yòókù lọ ló tún wá dí i pa. Ọdún tí géèmù náà jáde gan-an ni Kojima àti Konami tú ká, iṣẹ́ kan tí wọn kò ṣe parí sì jẹ́ fídíò lásán nínú díìsìkì tí wọ́n fi sínú àpótí olówó gọbọi.

Ti Ghost of Tsushima, 2020, jẹ́ ìtàn mìíràn. Erékùṣù Tsushima ní 1274 ni, àwọn Mongol ti gbógun dé. Jin Sakai, samurai tí wọ́n kọ́ láti dojú kọ ọ̀tá ní gbangba, ni o jẹ́. O lè pe ọ̀tá jáde kẹ́ ẹ fi idà yanjú rẹ̀ lójúkojú, o sì lè gba orí òrùlé yọ́ wọlé. Wọ́n fún ọ ní méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba. Àmọ́ ẹni tó bá fi gbogbo géèmù jà lójúkojú bí ọmọlúàbí, arákùnrin ìyá rẹ̀ nínú ìtàn náà, Lord Shimura, yóò ṣì bá a wí pé ó ń yọ́ pa èèyàn bí olè. Ìtàn náà ti pinnu irú ẹni tí o jẹ́ kó o tó mú pádì. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ síbi tó o fẹ́ lọ dípò àmì orí máàpù, ìyẹn ni mo fẹ́ kí àwọn yòókù jí.

Assassin's Creed náà ti ń yí padà láti ìgbà Black Flag. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di géèmù tí èèyàn ń ní agbára díẹ̀díẹ̀ nínú Origins, 2017, ọ̀bẹ abẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ àmì ọ̀wọ́ géèmù náà kò pa gbogbo èèyàn mọ́. O lè yọ́ dé ẹ̀yìn ọ̀gágun kan lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí, kó o gún un lọ́rùn, kó yíjú sí ọ pẹ̀lú ẹ̀mí tó kù sí i lára, torí agbára rẹ kò tíì tó tirẹ̀. Ìwọ̀sí gbáà ni. Ariwo pọ̀, nígbà tó sì di Valhalla, 2020, wọ́n fi bọ́tìnì kan sí ibi ètò géèmù tí èèyàn lè tẹ̀ kó lè di ọ̀bẹ kan, ikú kan. Shadows tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025 pín ọ̀ràn náà sí ara méjì. Naoe kéré, ó lè wólẹ̀ gbalaja, ó ń pa fìtílà, ó ń rọ́ gun òrùlé. Bí wọ́n bá rí i, ẹsẹ̀ ló máa fi gbà á. Yasuke, ọkùnrin Áfíríkà tó gbé ayé lóòótọ́, tó sin Oda Nobunaga, olórí ogun kan ní Japan, tóbi débi pé kò lè fara pamọ́ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá rí i ni iṣẹ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó o bá ṣe yan ara tí wàá lò, bẹ́ẹ̀ lo ṣe yan bí àlàfo náà ṣe máa fẹ̀ tó.

Ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wò fúnra rẹ̀ kò nílò ju Phantom Pain lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbá a bó ṣe wà. Bí ẹ bá ti mọ́ ọn, ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ pa Reflex Mode, kí ayé má falẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá rí yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa àmì tó ń fi ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà hàn. Àgọ́ tí ẹ ti ń fi ẹ̀rín wọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò gbà yín tó wákàtí kan gbáko, ẹ ó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lórí òkè, nídìí awò ìwòkèèrè.